Orúkọ Òdòdó Tí Iskra Kò Fẹ́ Pè

Fìlà koríko tí Tíṣà Elka máa ń dé sóko ni ó gbé wọ kíláàsì keje lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò dé e sórí. Ó kó bébà kéékèèké sínú rẹ̀, orúkọ ewéko kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí oníkálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ń bọ̀, ọjọ́ tí gbogbo Bulgaria fi ń yẹ́ lẹ́tà tí a fi ń kọ èdè wa sí. Ọdọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi òdòdó ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà. Tíṣà ní lọ́dún yìí, òdòdó nìkan kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò dìde níwájú gbogbo abúlé, yóò sọ ibi tí orúkọ ewéko tirẹ̀ ti ṣẹ̀ wá àti ìrìn tí ó rìn kí ó tó dé ẹnu wa.

Plamen ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, èsìsì ni ó mú. Gbogbo kíláàsì ní ó bá ẹnu rẹ̀ mu. Nígbà tí ó kan Iskra, ó ṣí bébà tirẹ̀, ó wò ó, ó sì tún un ká kíákíá. Ó dìde, ó ní ṣé òun lè fi tòun ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Plamen. Plamen gbà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà Elka kò gbà. Ó ní ohun tí ọwọ́ bá mú ni ti ọlọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni Iskra wí. "Ẹ fún mi ní èyíkéyìí mìíràn. Ẹ̀gún pàápàá, n óò gbà á."

Tíṣà gbé fìlà náà fún ẹni tó kàn. Orúkọ tó wà nínú bébà náà ni gluharche.

Gluh ni à ń pe adití lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹni tó bá pe òdòdó yìí, "adití kékeré" ló pè. Kò sí ibi tí kì í hù. Òdòdó rẹ̀ a kọ́kọ́ pọ́n bí pupa ẹyin, nígbà tó bá ṣe díẹ̀, orí rẹ̀ a wú, a di òwú funfun tí atẹ́gùn díẹ̀ lè gbé lọ. Ewé rẹ̀ korò díẹ̀ bíi ti yánrin, a sì máa ń fi epo àti ọtí kíkan jẹ ẹ́ nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ènìyàn o: bí ewé náà bá wà nínú abọ́, radika là ń pè é, kí ó má baà jẹ́ pé adití là ń jẹ. Bí ó bá wà lóko, ó di adití padà. Kò sì sí ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá odò Timok, tó pààlà àwa àti Serbia, tí ìyá àgbà rẹ̀ kò kìlọ̀ fún pé kó má fẹ́ òwú yẹn sítòsí etí, pé bó bá lè wọlé, etí dí nìyẹn.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ọgbà kan ṣoṣo ló là mí pẹ̀lú ilé wọn. Ewúrẹ́ wọn ló ń jẹ kábéèjì mi láti ọdún yìí wá, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀tàn wọn. Ìyá àgbà wọn, Màmá Tsonka, ló ń tọ́ Iskra àti àbúrò rẹ̀ Asen. Màmá wọn wà ní Italy, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí ó lè rí owó fi ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀. Bàbá wọn ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Asen jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, kò sì gbọ́ràn. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọrin tí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án. Ibà kan ló dé lóṣù karùn-ún, ibà líle tó gun orí, tí wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ní Vidin. Ó yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e délé, a pè é lẹ́yìn, kò wẹ̀yìn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé, ní ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó gbé e lọ, Iskra, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ péré, gbé e jókòó sórí pápá lẹ́yìn ilé. Ó já adití kékeré, ó sì fẹ́ òwú rẹ̀ sí i lójú, sí i létí, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Asen wá dití, Màmá Tsonka jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó sì ń ṣépè fún òdòdó náà pé iná ni yóò jó o láti gbòǹgbò. Iskra wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ṣe rò ó nìyẹn. Òun fẹ́ òwú lánàá, ibà dé lónìí, etí dí lọ́túnla. Ṣebí orúkọ òdòdó náà gan-an sọ ọ́. Àwọn dókítà ní ibà ló ba etí jẹ́, ó gbọ́ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, òwú ló ránṣẹ́ pe ibà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ara rẹ̀ di etí àbúrò rẹ̀ láti ọjọ́ náà ni.

Bí ẹnìkan bá ń bá Asen sọ̀rọ̀, Iskra ni yóò fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, Iskra náà ni yóò sì fèsì. Nígbà tó yá, kì í dúró kí ọmọ náà fèsì mọ́ kó tó fèsì. Ó gé gbogbo adití kékeré tó wà láyìíká ilé mọ́lẹ̀, ó sì máa ń wá gé tèmi náà. Èmi rò pé ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ni. Ẹ ò rí i pé ojú lásán ni a fi ń wo ara wa.

Màmá wọn fẹ́ nǹkan méjì lọ́dún náà. Ó fẹ́ kí Iskra ṣe ìdánwò kíláàsì keje lóṣù kẹfà, kó wọ ilé ẹ̀kọ́ èdè ní Vidin, nítorí pé orí ọmọ náà pé bí ọbẹ̀ tó jinná. Ó sì fẹ́ kí Asen lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Sófíà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Iskra takú. Ó ní Asen kò lè dá wà, òun náà kò sì níbi tí òun ń lọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń jà á, Màmá Tsonka a sì gba fóònù, a ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tútù.

Ṣùgbọ́n Iskra ti pinnu tirẹ̀. Yóò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Ta ni yóò mú olódo lọ sí Vidin? Plamen nìkan ló sọ fún. Plamen sì rèé, àṣírí kì í sùn mọ́jú níkùn rẹ̀. Òun ló sọ fún mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù karùn-ún, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bèbè odò méjèèjì pàdé lọ́dọ̀ wa láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọdọọdún ni àwọn ará Serbia máa ń rékọjá wá báyìí. Èdè wọn àti tiwa jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, a lè fi bú ara wa láìsí ògbufọ̀. Àwọn obìnrin gbé banitsa, àkàrà ìyẹ̀fun oníwàràkàṣì, jáde, àwọn bàbá jókòó síbi tí ìgò wà. Orí pápá funfun fún òwú adití kékeré, nítorí Iskra kò lè gé pápá ìjọba.

Ọmọbìnrin kan láti òdì kejì, Staniya lorúkọ rẹ̀, jókòó ti Asen lórí koríko. Ó já òwú kan, ó fẹ́ ẹ sí ọmọ náà lójú. Asen rẹ́rìn-ín. Ó já òmíràn, ó gbé e súnmọ́ etí rẹ̀, ó fẹ́ fi rìn ín kó tún rẹ́rìn-ín. Iskra ti òkèèrè rí i. Ó sáré wá, ó sì gbá ọwọ́ Staniya débi pé òdòdó náà fò lọ. Gbogbo ènìyàn yíjú síbẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ni Staniya bi í. Ó ń fọwọ́ pa ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa á ni? O ò mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún etí?"

Staniya kò mọ̀ ọ́n. Ó wo òdòdó, ó wo Iskra, ó tún wo òdòdó. Àwọn ọmọ Serbia yòókù ń wo ara wọn. Iskra bá rọ ohùn sílẹ̀, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dá kankan láti ọdún mẹ́fà.

"Lọ́dọ̀ yín," ó ní, "ṣé ó ti sọ ẹnìkan di adití rí?"

Banitsa kún ẹnu Staniya lásìkò náà. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó wá mi orí, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máà mọ̀, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mi orí báyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí. Iskra rò pé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ojú rẹ̀ sì funfun ju òwú lọ. Bí kò bá sí Plamen níbẹ̀, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá já sí.

"Iskra, orí Serbia nìyẹn o," ni Plamen wí. "Rárá ló ń sọ. Staniya, gbé oúnjẹ yẹn mì kí o fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹnìkan má kú síbí."

Staniya gbé e mì. Ó ní rárá, rárá, kò sẹ́ni tó dití rí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti lè rìn ni òun ti ń fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n òun ń fẹ́ ẹ, ìyá òun fẹ́ ẹ, etí gbogbo wọn sì mú débi pé èèyàn kò lè sọ àṣírí nílé wọn. Iskra bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní maslachak. Iskra mọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí maslo ni bọ́tà lọ́dọ̀ tiwa náà. Bọ́tà kékeré. Òdòdó kan náà ni o, odò kan ló là wọ́n, odò tí ewúrẹ́ lè wọ́ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bèbè tọ̀hún, bọ́tà. Bèbè tibí, adití.

Iskra kò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ó jókòó lórí koríko títí tí ọkọ̀ àwọn àlejò fi lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dúró de Tíṣà Elka lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, bẹ̀rẹ̀ láti orí òwú títí dé orí ìwé ìdánwò òfìfo. Tíṣà kò bá a wí. Ó fà á wọ kíláàsì, ó mú un dé iwájú àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tó wà lára ògiri, ó sì ń fi ìka rìn lórí rẹ̀.

Ó ní àwọn ará Russia wo òdòdó yìí, wọ́n rí ohun tí a ń fẹ́ lọ, wọ́n sì fi fífẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Poland wò ó nígbà tí òwú rẹ̀ ti tán, wọ́n rí orí tó pá. Wọ́n pè é ní ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìnìkàngbé kékeré, bíi ti àwọn ẹni Ọlọ́run tí ń fá àárín orí. Àwọn ará Hungary rí àwọn ọmọ wọn tí ń fi ọ̀pá rẹ̀ hun ẹ̀wọ̀n ṣeré, wọ́n pè é ní koríko ẹ̀wọ̀n ọmọdé. Àwọn ará Jámánì kò wo òdòdó rárá, ewé ni wọ́n wò, bó ṣe rí ṣórọ́ṣórọ́ létí, wọ́n ní eyín kìnnìún ni. Àwọn ará Faransé ti pè é bẹ́ẹ̀ náà rí, débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n sì lò ó títí wọn kò fi rántí pé kìnnìún wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Faransé mọ̀ pé ewé rẹ̀ ń mú ni tọ̀, wọ́n tún sọ ọ́ ní tọ̀-sórí-ibùsùn.

Iskra rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín.

"Nítorí náà," ni Tíṣà wí, "bí orúkọ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, gbogbo ọmọ Faransé ló ń tọ̀ọ́lé, kìnnìún sì ń hù lóko àwọn ará Jámánì."

"Tiwa ńkọ́, Tíṣà? Ta ló pè é ní adití?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti di erùpẹ̀ kí a tó ní ìwé tí a lè kọ ọ́ sí. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù òwú ló bí orúkọ. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ló bí ìbẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó lè búra. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ lórúkọ."

Iskra wo àwòrán ilẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé fún òun. Ilẹ̀ tó tó báyẹn, àwọn ènìyàn tí kò rí ara wọn rí, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo koríko kan ṣoṣo, oníkálukú sì rí ohun tirẹ̀. Wọ́n ti kú, ohun tí wọ́n rí ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Èmi náà, nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi lórí ọgbà, mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń tu koríko yìí dànù, n kò bi í léèrè ohunkóhun rí.

Ṣùgbọ́n Tíṣà sọ ohun kan kún un. Ó ní òun lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, òun kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá ẹ̀yìn ilé wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni méjì ló wà níbẹ̀, Iskra sì ti gbọ́ ti ẹnìkan nìkan láti ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kejì, Iskra mú Asen lọ sẹ́yìn ilé. Ó wá adití kékeré kan tó bọ́ lọ́wọ́ dòjé rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pé òun ló fẹ́ òwú sí i létí. Pé òun ló sọ ọ́ di bó ṣe dà. Asen ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, kò yé e. Iskra bá nawọ́ sí òdòdó náà, ó bi í pé ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Asen mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sórí rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibí yìí dáadáa. Olúkúlùkù wa ló ní orúkọ tí Asen fi ọwọ́ ń pè é. Màmá Tsonka ni gèlè tí a so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Èmi ni imú gbọọrọ, ẹ má bi mí ìdí. Iskra ni àtẹ́lẹwọ́ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti dí ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì rò pé a mọ ìdí rẹ̀: iskra ni ẹ̀ta iná lédè wa, ọmọ náà sì ń ṣe bí ẹni ń fẹ́ná. Iskra pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Asen.

"Èmi nìyẹn," ni Iskra fi ọwọ́ wí. "Òdòdó ni mo ní kí o pè."

Asen tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ, ó nawọ́ sí òdòdó. Ó tún fẹ́ ẹ, ó nawọ́ sí i láyà. Ọ̀kan náà ni. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ṣàlàyé, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, orí ń fọ́ òun. Láti àárọ̀ ni ara òun ti gbóná, òun ń sunkún, ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Iskra gbé òun jáde, ó já òdòdó, ó fẹ́ òwú sí òun lójú kí òun lè dákẹ́. Òwú náà tutù. Òun rẹ́rìn-ín. Èyí tó dùn kẹ́yìn nínú ohun tí òun rántí kí gbogbo nǹkan tó dákẹ́ nìyẹn, òun sì fi í sọ ẹ̀gbọ́n òun lórúkọ.

Iskra ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀. Ibà ti wà lára kí òwú tó dé. Ọmọ ti ń ṣàìsàn kí àjẹ́ tó ké. Ẹ̀rí ọkàn ọmọ ọdún mẹ́jọ ti gbàgbé ẹkún àárọ̀, ó di òwú nìkan mú, nítorí òwú ló ní orúkọ burúkú.

Orí ọgbà ni mo wà, mo rí wọn, n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo rí Iskra tó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà, mo sì rí Asen tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún lójú, tó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ pariwo pe Màmá Tsonka. Ọlọ́run ló ní kí n pa ẹnu mọ́.

Màmá Tsonka jẹ́rìí sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òótọ́ ni, ara ọmọ náà ti gbóná láti àárọ̀, òun ló ní kí Iskra gbé e síta kó gba atẹ́gùn. Nígbà tí ó wá gbọ́ ìdí tí ọmọ fi ń béèrè, ó jókòó.

"Ọmọ mi, èmi kò mọ̀ pé o wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó ní. "Èmi kò mọ̀ pé o fẹ́ òwú kankan. Ibà kò lójú tí mo lè wò kí n sì bú u. Òdòdó ló wà nítòsí."

Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀ ẹ́. Àgbà tó bẹ ọmọdé kò sọ àgbà nù.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, Plamen sọ̀rọ̀ èsìsì débi tí ara ń yún wa. Iskra dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó pe òdòdó náà lórúkọ tiwa láìgbọ̀n, ó sì pè é lórúkọ gbogbo èdè tí Tíṣà kọ́ ọ. Nígbà tó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó ní ẹnì kan ṣoṣo láyé ló ń sọ èdè náà, àbúrò òun ni. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ. Àwọn ìyá àgbà tó ti ń fi òdòdó yìí dẹ́rù ba ọmọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ń wò ó.

Lóṣù kẹfà, ó kọ ìdánwò náà tán kí wọ́n tó ní àsìkò ti tó. Vidin gbà á. Nígbà tí wọ́n bi Asen bóyá yóò lọ sí Sófíà, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó sì yé wa pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ lọ. Kò kàn sí ẹni tó dúró gbọ́ ọ ni. Ìyẹn dun Iskra ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí nínú wíwá ọ̀nà láti san gbèsè tí kò jẹ, ó ti di àbúrò rẹ̀ lẹ́nu.

Ní oṣù kẹsàn-án, Asen ló kọ́kọ́ lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì bi í pé ibo ló ń lọ. Iskra ti la ẹnu. Asen gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, ó pa á dé jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí awakọ̀, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó ti ṣá, ohùn tí a kò gbọ́ láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Sófíà." Awakọ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó gun ọkọ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí a wo ilé tí orúkọ ti wá kí a tó jẹ́ kí ó dá wa lẹ́jọ́. Ẹ̀bi tí ẹ bá rù, tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wádìí rẹ̀ wò. Ẹ bi ẹni tí ọ̀ràn náà kàn gan-an, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.